Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kú, Ọmọ Rẹ̀ Rọ́pò: Òǹwòran àti Arọ́pò Òṣèré nínú Ìtàn

Ní gbogbo ìlú tí eré ti ń wáyé, òṣèré kan máa ń wà tí ó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ni ó ń kó èrò jáde. Àwọn ènìyàn á fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn á gbé àga àti ẹní dání, wọn á tètè dé kí wọ́n lè rí ibi tí ó dára jókòó sí. Ohùn ẹni yẹn ni wọ́n fẹ́ gbọ́, ẹsẹ̀ ẹni yẹn ni wọ́n fẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ara kì í ṣe òkúta. Àìsàn a máa dé, ìrìn àjò a máa dé, ikú pàápàá a máa dé. Bí ọjọ́ eré bá pé, tí ẹni tí gbogbo ènìyàn ń retí kò sí, tí ẹlòmíràn sì jáde ní ipò rẹ̀, kí ni àwọn òǹwòran máa ń ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Àwọn Faransé ní orúkọ fún ẹni tí ó kọ́ ipa ẹlòmíràn sílẹ̀ de ọjọ́ tí onítọ̀hún kò bá lè wá: doublure ni wọ́n ń pè é. Yorùbá ń pè é ní arọ́pò tàbí igbákejì. Ìtàn Paris, ìtàn New York, ìtàn àwọn eléré orí ìtàgé ilẹ̀ Yorùbá, àti ìtàn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí Kétu fi lókìkí, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: arọ́pò kì í hù ní ọjọ́ kan, àwọn òǹwòran sì ní ọwọ́ nínú bí yóò ṣe rí.

Àga Molière

Ó ṣòro kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ kí ó má gbọ́ orúkọ Molière. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí ni pé Molière kì í ṣe òǹkọ̀wé nìkan. Òun ni olórí ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ni ó máa ń kó ipa tí ó ń pa àwọn ará Paris lẹ́rìn-ín jù lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1673, ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ eré tuntun, Le Malade imaginaire, ìtàn ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ le ṣùgbọ́n tí ó gbà pé òun ń kú lọ. Argan ni orúkọ ọkùnrin náà nínú eré, Molière ni ó sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi àìsàn ṣe eré yìí ń ṣàìsàn ní tòótọ́. Ikọ́ ti ń bá a jà fún ọdún púpọ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kan náà, ìgbà kẹrin tí wọ́n ṣe eré náà, gìrì mú un lórí ìtàgé. Ó fi ẹ̀rín bò ó, ó sì ṣe eré náà parí. Wọ́n gbé e lọ sílé, ó kú ní alẹ́ ọjọ́ náà, ní ẹni ọdún 51.

Ilé eré wà ní títì fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ 24, ẹgbẹ́ náà tún ṣí i. Eré Le Misanthrope ni wọ́n ṣe, Baron, ọ̀dọ́kùnrin tí Molière fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, ni ó sì kó ipa tí ọ̀gá rẹ̀ máa ń kó. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, wọ́n padà sí Le Malade imaginaire. Òṣèré kan tí ń jẹ́ La Thorillière ni ó jókòó sí ipò Argan. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ó wà láàárín ikú olórí àti ọjọ́ tí arọ́pò rẹ̀ ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan náà lójú àwọn ará ìlú kan náà.

Kò rọrùn fún wọn. Nígbà ọdún Àjíǹde, Baron, La Thorillière àti àwọn méjì mìíràn kó lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tí ń bá wọn díje. Wọ́n gba ilé eré lọ́wọ́ àwọn tí ó kù, wọ́n fi í fún Lully olórin. Síbẹ̀, Armande Béjart, opó Molière, àti La Grange, tí ó ń kọ ohun gbogbo tí ẹgbẹ́ náà ń ṣe sílẹ̀ sínú ìwé láti ọdún 1659, kó àwọn tó kù jọ, wọ́n dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn. Ní ọdún 1680, ọba Louis Kẹrìnlá pàṣẹ kí gbogbo wọn di ọ̀kan. Èyí ni Comédie-Française, tí ó wà títí di òní olónìí, tí àwọn ará Paris ṣì ń pè ní Ilé Molière. Molière kò sí lórí ìtàgé láti ọdún 1673, ilé rẹ̀ kò sì dá. Ohun tí kò jẹ́ kí ó dá ni pé ó ti kọ́ àwọn kan kí ó tó lọ, ọ̀rọ̀ eré wà nínú ìwé, ìlú sì padà wá jókòó wo ẹlòmíràn.

Ọmọbìnrin tí ó ju fìlà nù

Ní New York, níbi tí eré orí ìtàgé ti di òwò ńlá, ọ̀rọ̀ arọ́pò ní òfin tirẹ̀. Òṣèré tí ó jẹ́ olórí ní ẹni tí ó kọ́ ipa rẹ̀ sílẹ̀. Bí olórí kò bá lè jáde, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré ibẹ̀ kò gbà kí wọ́n dákẹ́ lé e: wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún àwọn òǹwòran, bóyá lórí pátákó ní ẹnu ọ̀nà, bóyá nínú ìwé ètò tí wọ́n ń pín, tàbí kí wọ́n kéde rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí òṣèré tí kò wá bá sì jẹ́ ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí òkè orúkọ eré, ó wọ́pọ̀ kí òǹwòran lè gba owó rẹ̀ padà tàbí kí ó pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí ọjọ́ mìíràn.

Ìdí tí irú òfin bẹ́ẹ̀ fi wà kò pamọ́. Ẹni tí ó san owó nítorí ẹnì kan máa ń bínú bí ó bá rí ẹlòmíràn, ìbínú rẹ̀ sì máa ń pọ̀ sí i bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún un. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1954, eré The Pajama Game ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Carol Haney, oníjó tí gbogbo ìlú ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, fi ọrùn ẹsẹ̀ ṣèṣe. Arọ́pò rẹ̀ ni ọmọbìnrin ẹni ogún ọdún kan tí ń jẹ́ Shirley MacLaine, ọ̀kan nínú àwọn tí ń jó lẹ́yìn. Kò tíì bá wọn dán ipa náà wò rí. Ìwò tí ó ń wo ọ̀gá rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ìtàgé nìkan ni ẹ̀kọ́ rẹ̀. MacLaine fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tí wọ́n kéde pé Haney kò ní jáde, àwọn òǹwòran kùn. Ó ju fìlà sókè nínú ijó tí wọ́n mọ Haney mọ́, fìlà náà sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Síbẹ̀ ó jó o dópin, nígbà tí eré sì parí, àwọn tí ó kùn náà ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Olówó sinimá kan rí i nípò Haney nígbà mìíràn, ó bá a dá àdéhùn, ọmọbìnrin náà sì di ìlúmọ̀ọ́ká láyé.

Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa pa ìtàn yẹn nítorí pé ó parí sí ayọ̀. Ṣùgbọ́n fún MacLaine kan tí ó di olókìkí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ arọ́pò ni ó jáde lálẹ́ ọjọ́ kan, tí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, tí ó sì padà sí ẹ̀yìn láì sí ẹni tí ó rántí orúkọ rẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí ilé eré ti ilẹ̀kùn.

Ẹni tí ó wà nínú ẹ̀kú

Ní ilẹ̀ Yorùbá, eré àwọn alárìnjó ti wà tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì. Inú egúngún ni ó ti jáde, ìdílé ni ó sì ń ṣe é. Ní oṣù kejì ọdún 1826, nígbà tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga, Aláàfin pè é wá wo irú eré bẹ́ẹ̀. Clapperton kọ ohun tí ó rí sílẹ̀: àwọn tí ó wọ àpò ń jó, ejò ńlá kan jáde, ní ìkẹyìn àpò kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀díẹ̀, orí funfun yọ, ó di òyìnbó tí òtútù ń mú. Clapperton ní ariwo tí èrò pa nígbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ojú ọ̀run.

Kò sí orúkọ òṣèré kankan nínú ohun tí ó kọ. Òyìnbó inú eré ni èrò ń hó sí. Wọn kò hó sí Lágbájá ọmọ Tàmẹ̀dò tí ó wà lábẹ́ aṣọ. Èyí ni agbára ẹ̀kú. Bí bàbá bá ti darúgbó, ọmọ á wọ ẹ̀kú náà, ìdán á sì máa lọ. Òǹwòran kò ní ìdí láti kùn, nítorí pé ohun tí ó wá wò ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí ojú òṣèré hàn

Nígbà tí Hubert Ògúndé bẹ̀rẹ̀ eré tirẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1944, nǹkan yí padà. Òṣèré bọ́ ẹ̀kú. Ojú rẹ̀ hàn, orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ìpolówó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, owó sì ni ènìyàn fi ń wọlé. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ arọ́pò ti di ìṣòro ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú.

Àwọn obìnrin ni Ògúndé kọ́kọ́ rí ìṣòro náà lára wọn. Ó ń kọ́ wọn ní ijó àti orin, àwọn ènìyàn ń mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lọ́kọ, ọkọ kì í fẹ́ kí ìyàwó òun máa tẹ̀ lé eléré kiri. Gbogbo ìgbà ni ó ń wá ẹni tuntun tí yóò kọ́. Ohun tí ó ṣe sí i ni pé ó ń fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ju mẹ́wàá lọ, àwọn àti àwọn ọmọ wọn sì ni òpó ẹgbẹ́ náà. Bí ọ̀kan kò bá lè jáde lónìí, ẹlòmíràn nínú ilé ti mọ orin náà. Ògúndé tún gba ọ̀nà àwọn alárìnjó padà: ó sọ eré di ohun ìdílé.

Ní ọdún 1970, ìjàǹbá ọkọ̀ pa Adéṣẹwà, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó yìí, ìlúmọ̀ọ́ká òṣèré tí àwọn ènìyàn ń pè ní Mama Eko. Ọ̀fọ̀ náà wọ gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lára. Ẹgbẹ́ náà kò tú ká. Wọ́n sunkún rẹ̀, wọ́n sì tún padà sójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ipò kan wà tí ìdílé náà kò lè dí. Nígbà tí Ògúndé fúnra rẹ̀ kú ní oṣù kẹrin ọdún 1990, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò padà sí bí ó ti wà mọ́.

Ní Òṣogbo, ọ̀nà tí Ọyin Adéjọbí àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń gbà ṣe eré mú kí ọ̀rọ̀ arọ́pò gba ọgbọ́n mìíràn. Eré wọn kì í sí nínú ìwé. Olórí á sọ ìtàn, á pín ipa, òṣèré kọ̀ọ̀kan á sì wá ọ̀rọ̀ fún ẹnu ara rẹ̀. Bí òṣèré bá kúrò nínú ẹgbẹ́, ó ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ni. Ẹni tí ó bá gba ipa náà kì í ṣe àwòkọ ẹni àkọ́kọ́: àwàdà tirẹ̀ ni yóò mú wá. Òǹwòran tí ó bá ń retí ọ̀rọ̀ àná yóò kọ́kọ́ dákẹ́. Bí tuntun náà bá dùn, yóò rẹ́rìn-ín.

Òṣogbo náà ni Dúró Ládiípọ̀ ti gbé Ọba Kò So jáde ní ọdún 1963. Òun ni Ṣàngó, ìyàwó rẹ̀ Abíọ́dún ni Ọya. Ní ọdún 1964 wọ́n gbé eré náà dé Berlin. Bí ó ṣe ń ṣe Ṣàngó wọ àwọn ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi mọ ibi tí ọkùnrin náà parí sí àti ibi tí òrìṣà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1978, kò tíì pé ẹni ọdún 47. Abíọ́dún ni ó gba ìdarí ẹgbẹ́ náà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá di irun Ṣàngó lẹ́yìn ìgbà náà mọ̀ pé ojú méjì ni àwọn òǹwòran fi ń wo òun: ojú kan ń wo òun, èkejì ń wá ẹni tí ó ti lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tẹ Ọba Kò So sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà, orin rẹ̀ wà, ó sì ṣeé ṣe fún ọmọ tí kò bá Ládiípọ̀ láyé láti kọ́ ọ.

Ọgbọ́n tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní

Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àwọn ará Kétu àti àwọn aládùúgbò wọn fi ń yẹ́ àwọn ìyá sí, wà láàárín ọ̀nà méjèèjì yìí. Ẹ̀kú wà níbẹ̀, igi gbígbẹ́ wà lórí oníjó, ṣùgbọ́n kì í ṣe awo bíi ti egúngún: ìlú mọ ẹni tí ń jó. Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, nígbà tí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ bá jáde láti júbà, láti súre, láti fi orin bá aṣebi wí, èrò lè má rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kò ṣeé fi aṣọ bò. Ẹni tí ó ti ń gbọ́ ohùn kan fún ogún ọdún yóò mọ̀ ní ẹsẹ̀ kìn-ín-ní pé ohùn ti yí padà. Ní ọ̀sán, bí ìlù bá ń sọ̀rọ̀ tí ẹsẹ̀ oníjó kò bá a dé ibi tí ó ti dákẹ́, ọmọdé pàápàá yóò rí i.

Nítorí náà, àwọn baba ńlá kò fi ọ̀rọ̀ arọ́pò sílẹ̀ de ọjọ́ àìsàn tàbí ọjọ́ ikú. Wọ́n fi í sínú ètò ọjọ́ eré gan-an. Kí àwọn àgbà oníjó tó jáde, àwọn ọmọ kéékèèké ni ó kọ́kọ́ ń jó. Àwọn kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, aṣọ wọn kò pé, ìṣísẹ̀ wọn kò gún. Àwọn tí ó dàgbà jù wọ́n lọ á tẹ̀ lé wọn, títí agbo yóò fi dé ọwọ́ àwọn ọ̀gá. Ojú gbogbo ìlú ni ọmọ náà ti ń ṣìṣe, ojú gbogbo ìlú náà ni ó sì ti ń kọ́ bí a ti ń tún un ṣe. Bí ó bá jó dáadáa, wọn á fún un lówó. Bí ó bá di ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, tí ó wá bọ́ sí ipò bàbá rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò béèrè pé ta ni eléyìí. Èrò ti ń wò ó bọ̀ láti kékeré.

Èyí ni ohun tí àwọn ilé eré ìlú ńlá kò ní. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni wọ́n ti ń kọ́ arọ́pò, òjijì ni wọ́n sì ń gbé e síwájú àwọn tí kò rí i rí. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń kọ́ arọ́pò níwájú àwọn tí yóò gbà á.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ìlú

Ní ọdún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti orílẹ̀-èdè Benin, Nàìjíríà àti Tógò gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ wọn ní ọdún 2008. Nínú ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, wọ́n kìlọ̀ pé ìmọ̀ àtọwọ́dọ́wọ́ ń dín kù, àti pé ìrìn afẹ́ lè sọ ọ́ di ohun àfihàn lásán. Ìwé ẹ̀rí dára, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí kì í jó, kì í sì í kọrin.

Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sí Kútọnu, wọ́n ń lọ sí Èkó, ilé-ìwé àti iṣẹ́ ń pè wọ́n. Àwọn tí ó bá padà wá síbi ọdún máa ń fẹ́ rí ọ̀gá tí wọ́n mọ̀. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá jáde ní ipò rẹ̀, àwọn kan á máa kùn, àwọn kan á dìde lọ, àwọn mìíràn á gbé fóònù wọn sápò, wọn á ní àwọn ń dúró de ọ̀gá. Ohun tí ọ̀dọ́ náà rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni yóò pinnu bóyá yóò tún jáde ní ọdún tí ń bọ̀. Bí kò bá jáde mọ́, ọjọ́ tí ọ̀gá bá lọ ni ìlú yóò mọ̀ pé ẹnu ara òun ni òun fi lé arọ́pò sá.

Ẹ̀tọ́ àwọn òǹwòran ṣì wà. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n sọ fún wọn pé ọ̀gá kò ní jáde, kí wọ́n má fi orúkọ rẹ̀ pe èrò lásán. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti rí arọ́pò tí ó múra sílẹ̀, tí kì í ṣe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde láàárọ̀. Ẹ̀tọ́ yìí wà lọ́rùn àwọn olórí ẹgbẹ́, àwọn Ìyáláṣẹ àti àwọn bàbá: kí wọ́n yan igbákejì nígbà tí ohùn ọ̀gá ṣì dùn, kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì fà á lọ́wọ́ jáde sí agbo. Ó wà lọ́rùn àwọn aláṣẹ ìlú bákan náà: owó tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ fún ọdún, kí díẹ̀ nínú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kọ́ ọmọ ní ìlù, ní orin àti ní igi gbígbẹ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí a gba orin àwọn àgbà sílẹ̀, bí La Grange ti ṣe ní Paris.

Ṣùgbọ́n ìyókù kù sí ọwọ́ èrò. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọmọ tí ó bá ṣìṣe lójú agbo lọ́dún yìí ń wo iwájú, ojú àwọn tí ó jókòó níwájú rẹ̀ ni ó ń wò. Bí ó bá rí ẹni tí ó gbe orin rẹ̀, tí ó rí ìyá àgbà kan tí ó tú owó ní ṣẹ́ẹ́tí aṣọ fún un, yóò tún un jó, yóò sì jó o dáadáa.

Iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Kí ọdún yìí yabo, kí àwọn ọ̀gá pẹ́ fún ìlú, kí ìlú sì mọ rírì àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Àṣẹ.